Jónà Tí Kò Lóhùn

"Ẹ gbóhùn sókè, ẹ̀gbọ́n! Ìwọ̀ oòrùn lẹ ní ẹ ń sá fún Ọlọ́run lọ, ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń bá yànmùyánmú sọ̀rọ̀."

Kápẹ́ńtà tún la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí igbe ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí rí. Òun ni Jónà nínú eré tí ìjọ fẹ́ ṣe lọ́la lẹ́yìn ìwàásù, àmọ́ ó ti fi gbogbo ohùn rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù lánàá.

"Bọ́ọ̀lù!" ni Tíṣà wí. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ eléré, oṣù mẹ́ta ló sì fi kọ eré náà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbá a ni?"

Kápẹ́ńtà sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Pásítọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó fa Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jẹ́ ká fi eré yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá Alàgbà ń sọ pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé eré. Bí tọ̀la bá dojú rú, mi ò ní lè gbèjà yín mọ́."

Omi lé sójú Tíṣà. Kó tó dáhùn, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn.

Ìyá Aránṣọ ni. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ń rán ìrù mọ́ ẹja ńlá tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Adití ni láti kékeré. Ogún ọdún ló ti ń jókòó sí ìjókòó kẹta, tó ń wo ẹnu Pásítọ̀. Kápẹ́ńtà tó ń fọwọ́ bẹ Tíṣà ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó dìde, ó ti Kápẹ́ńtà sẹ́yìn, ó sì dúró sí àyè rẹ̀.

Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ fì sọ́tùn-ún, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, kò rí i. Ojú rẹ̀ bá ìgbì kan gòkè títí dé àjà, ó sì bá a wó lulẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe atukọ̀ ti di àga mú kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Pásítọ̀," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é. A ò ní sọ̀rọ̀ rárá."

Pásítọ̀ gbà. Gbogbo ọ̀sán yẹn, Ìyá Aránṣọ lọ̀gá, ó ń fi bí Kápẹ́ńtà yóò ṣe ṣe Jónà hàn án. Ẹni tó bá ṣèèṣì mi ètè, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ló fi ń nà án lápá.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọdé gun orí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí àwọn atukọ̀ gbé Jónà sọ sómi, ẹja ńlá gba àárín ìjókòó wá, ó la ẹnu, ó gbé e mì. Ikùn rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bàbá Alàgbà, tó ti káwọ́ gbera láti ìbẹ̀rẹ̀, fò dìde.

"Gbàdúrà, ọkùnrin yìí! Kí lò ń dúró dè?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bí Jónà ti fẹ́ jáde lẹ́nu ẹja ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, báwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Aránṣọ a máa wo ọ̀tún wo òsì kó lè mọ ohun tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ló bá a rín in.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Alàgbà dá Tíṣà dúró. "Ìgbà wo lẹ tún ń ṣe òmíràn?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Aránṣọ ló ń wá. Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ, ó dúró síwájú rẹ̀, ojú wá ń tì í. Láti ogún ọdún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé ẹ ṣé. Ó mú ìwé àti bírò nínú àpò rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Mà, mo fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe aṣọ ni mo fẹ́ rán o. Mo fẹ́ wá kọ́ èdè yín ni."

Ìyá Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

"Aago mẹ́rin. Má pẹ́ o."