Ọṣẹ Àwẹ̀ró Dì Bí Wàrà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni, ó kàn korò díẹ̀ ni.

Ní Ìlá, Ràbíátù ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọṣẹ tí ìfófó rẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Omi ilá ni àṣírí ibẹ̀. Ọṣẹ lásán a máa sáré gun ojú omi, á hó, á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ilá bá bá a débẹ̀, á dì í lọ́wọ́ mú, ìfófó á wá dúró bí ẹni ń retí àlejò.

Lásìkò òjò èṣí, Dámisọ́lá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó pọ̀n dàgbà, ti Ìbàdàn wá. Ràbíátù kò fi nǹkan pamọ́ fún un. Ó ju ewé gbígbẹ sójú omi, ó fi ọṣẹ lásán kan omi náà, ewé sá lọ fìì. Ó bu omi mìíràn, ó fi ọṣẹ Àwẹ̀ró kàn án, ewé rọra ń fà bí ìgbín.

"Háà, Àǹtí! Ilá náà ló ń ká ewé lẹ́sẹ̀ kò báyìí?"

"Ìwọ ṣáà máa wò."

Ọmọ náà wò ó lóòótọ́.

Nígbà tí ọdún ìlú dé, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní àwọn yóò yan ọṣẹ kan tí wọn yóò máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin, orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni wọn yóò sì máa pè é. Ohun kan ṣoṣo ni Ràbíátù ń fẹ́: kí wọ́n pe orúkọ Àwẹ̀ró. Ó gbé ike ọṣẹ rẹ̀ dé gbọ̀ngàn ìlú, ó bá Dámisọ́lá níwájú èrò, pẹ̀lú àwọn ìgò ọṣẹ tí àwòrán Dámisọ́lá wà lára wọn.

"Èmi ni mo fúnra mi wá a rí, ẹ̀yin ìyá mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

Ràbíátù gbé ike rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Bàbá Adétúnbọ̀ tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn gbé igbá ńlá kan síwájú. Inú rẹ̀ ni Dámisọ́lá ti fi omi kànga ẹ̀yìn gbọ̀ngàn po ọṣẹ náà láàárọ̀. Dámisọ́lá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó lè hó. Kò hó. Ohun funfun tó dì ló ń wọ́ tẹ̀lé ìka rẹ̀.

"Ọṣẹ nìyí àbí wàrà?" ni ẹnìkan nínú èrò kígbe.

"Ẹ bá mi fi ṣúgà sí i!"

Ràbíátù mọ ohun tó ṣe é. Inú òkúta ni omi kànga yẹn ti ń sun. Bí ọṣẹ àti omi ilá bá pàdé nínú rẹ̀, wọn a gbàgbé ojú omi, wọn a dì mọ́ra wọn, wọn a dì. Omi òjò ni Àwẹ̀ró fi ń pò ó. Lọ́dún èṣí, agbada abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kún bámúbámú. Dámisọ́lá kò béèrè ìdí tí wọ́n fi ń bu tibẹ̀, Ràbíátù náà kò sì rántí sọ.

Ọmọ náà rìn wá bá a. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbàgbé?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣebí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Ràbíátù gbé ike tirẹ̀, tó ti fi omi òjò pò, síwájú. Ìfófó rẹ̀ dúró títí àwọn ìyá fi bi í pé orúkọ ta ni kí wọ́n kọ. Ó ní, "Àwẹ̀ró." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Títí di òní, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú. Ọ̀rọ̀ omi òjò ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn, kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn pe òun ní Àǹtí.

Bàbá Adétúnbọ̀, tó da ọṣẹ dídì náà nù sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ló sọ ọ́ fún mi. Ibi tó bá a dé ni mo bá a dé.