Ìbéèrè Tí Onígéètì Tì

Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní ìkànnì kan lórí ayélujára, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè béèrè ohun tó bá rú u lójú. Ọkọ nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣọ́ ọ. Onígéètì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìbéèrè tí kò bá lórí tí kò nídìí, títì ni yóò tì í, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dáhùn rẹ̀ mọ́, àfi bí àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó ń darí ìkànnì náà, tí òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ́ máa ń bà á lẹ́rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọmọ, wá gbọ́ tèyí. 'Òjò ń rọ̀, a gbé ẹ̀rọ wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ wa, àbúrò mi sì sùn, kò jí. Kí ni ká lò?' Ṣé wọ́n ní a ń ta oògùn ni? Mo ti tì í. Mo ní kó lọ bá dókítà."

Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, èéfín ẹ̀rọ yẹn ló ń pa wọ́n! Ẹ ṣí i!"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Mi ò lè dá a ṣí."

"Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?"

Ọkọ tún tẹ ìbéèrè náà, kò ṣí.

"Ẹ pe ẹni tó béèrè lórí fóònù, kẹ̀!"

"Àlejò ló pe ara rẹ̀. Kò fi nọ́ńbà sílẹ̀."

Ọ̀gá àkọ́kọ́ tó pè fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Èkejì kò gbé ìpè, ó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó wá gbé e, àwàdà ló fi bẹ̀rẹ̀: "Onígéètì, ṣé kọ́kọ́rọ́ ló sọnù?"

"Fọwọ́ sí i, jàre! Ènìyàn ń kú lọ!"

Ìbéèrè náà ṣí. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jáde síta báyìí! Ẹ wọ́ àbúrò yín jáde! Ẹ pe àwọn ará ilé kejì!"

Wọ́n dúró. Kò sí èsì. Iná kékeré kan ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Àlejò, èyí tó ń fi hàn pé kò tíì pa ojú ìwé náà dé.

"Wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀," ni ọkọ wí.

Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ iná náà.

"Fóònù ló wà níbẹ̀."

Ìbéèrè mìíràn wọlé: ẹnì kan fẹ́ mọ irú ọ́ìlì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu, kò sì sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Onígéètì kò tì í. Iná Àlejò ló ń wò, títí iná náà fi kú.