Tì Í

Ta ni ẹ̀rù omi ń bà tó máa máa tún páìpù púùlù ṣe jẹun? Ràbàtà ò bẹ̀rù omi rí. Àmọ́ látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi lójijì nílé, àyà rẹ̀ á já pàà.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Onípáìpù, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àǹtí tín-ín-rín, àbúrò fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Àǹtí ló máa ń wọ ihò. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oríkèé páìpù púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ilé àlejò kan ló là, nínú kòtò tó wà lábẹ́ yàrá ẹ̀rọ. Kòtò náà jìn ju èèyàn lọ, ẹnu rẹ̀ ò sì gba èjìká Ràbàtà. Onílé fárígá, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fa omi òun gbẹ. Fáàfù kan ṣoṣo ló wá wà láàárín gbogbo omi yẹn àti orí Àǹtí.

"Tó o bá fa ọwọ́ ẹ̀ sí àyà, omi dúró," Àǹtí sọ fún un. "Tó o bá taari ẹ̀ sí ògiri, omi dé. Tí mo bá parí, màá ní kó o jẹ́ kí díẹ̀ wá, ká fi dán oríkèé wò."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ọmọdé kọ́. Àgbàyà ni ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba orí àkàsọ̀ wọ kòtò lọ. Ràbàtà dúró ti fáàfù lókè nínú yàrá ẹ̀rọ, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin nísàlẹ̀. Kò pẹ́, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Tì í!"

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n òun ti parí nìyẹn. Ó ti ọwọ́ fáàfù sí ògiri díẹ̀.

"Ràbàtà, tì í! Tì í dáadáa!"

Ó fi gbogbo ara tì í.

Omi bú ramúramù. Ohùn Àǹtí ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Yéè! Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà tó yé e. Fáàfù ògbólógbòó yẹn ò tì pa, omi ti ń jò lé obìnrin náà lórí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tì í, òun sì ń tì í sí ògiri! Ó fa irin náà, irin há. Ó figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kú o! Ẹ jọ̀ọ́!" Ó dì mọ́ irin náà, ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ já lé e, irin sì yí.

Ó sáré dé ẹnu kòtò. Omi dúdú ló rí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan di àkàsọ̀ mú. Ràbàtà wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde.

"Mo ní kó o tì í!" Àǹtí ń wúkọ́.

"Mo tì í!" Ràbàtà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti afẹ́fẹ́.

Àǹtí wo àtẹ́lẹwọ́ náà títí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Iṣẹ́ ò kúkú tíì parí. Wọ́n fa omi inú kòtò jáde, wọ́n fún fáàfù náà le, Àǹtí sì ń múra àtiwọ kòtò padà.

"Láti ìsinsìnyí lọ, 'pa á' ni màá máa wí."

"Pa ta ni? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o! 'Fà á' ni kẹ́ ẹ wí."

"Ó dáa. Fà á."

Ràbàtà fa irin náà mọ́ àyà, kò fi í sílẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Àǹtí jáde, ó nu ọwọ́ nù, ó wá dúró tì í.

"Oríkèé ti dì. Jẹ́ kí omi wá."

Ràbàtà ò mira.

"Mo ti jáde, àbúrò mi. Èmi rèé."

Ràbàtà ń wò ó lójúkojú, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà. Àǹtí ló wá ń tú ìka rẹ̀ kúrò lára irin náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.