Ìdajì Mẹ́fà

Ní 1991, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò iṣẹ́ kíkọ́ni. Bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, yunifásítì yóò yọ orúkọ mi kúrò, gbogbo ọlidé mẹ́rin tí mo fi ọmọ sílẹ̀ nílé lọ kàwé níbẹ̀ yóò sì já sí òtúbáńtẹ́. Ọdún méjìdínlógún ni mo sì ti ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí rélùwéè ní Ọ̀fà. Ìyẹn ò kàn wọ́n.

Mo bá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹta ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣe lójú àlejò: ìdajì mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rin. Ọsàn mẹ́jọ kan náà ni mo ń pín títí wọ́n fi rọ̀. Mo tilẹ̀ ti yan ẹni tí yóò dáhùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Dókítà Olúṣẹ̀yẹ, olùkọ́ wa, dé láti yunifásítì láti wá yẹ̀ mí wò, ó gbé fáìlì rẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Mo to ọsàn sórí tábìlì. N ò tíì bèèrè ohunkóhun tí gbogbo kíláàsì fi pariwo: "Mẹ́rin!"

Dókítà dìde. "Ẹ̀yin ọmọ, ìdajì mẹ́fà ńkọ́?"

"Mẹ́rin!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Dókítà pa fáìlì dé, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Inú bí mi, sí i, sí ara mi, sí ọsàn pàápàá. Mo ju nóòtù ẹ̀kọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe ọmọ mẹ́fà jáde. "Ẹ pín ara yín sọ́nà méjì, kí apá kan má ju ìkejì lọ." Wọ́n ti ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n kà á: mẹ́ta, mẹ́ta. Mo ní kí Lukman náà bọ́ síta, kí wọ́n di méje. Wọ́n fà á sọ́tùn-ún, wọ́n fà á sósì, ọmọ náà fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ògúnfúnkẹ́ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì bá nawọ́. "Tíṣà, Lukman ò ṣe é gé. Ká ní ọsàn ni, à bá là á sí méjì. Mẹ́ta ààbọ̀."

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Dókítà ti padà sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ jáde, ó ní, "Mummy, kí ló dé tẹ́ ò fi èyí bẹ̀rẹ̀?"

"Sà, ẹ ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bá a ṣe ń fa ìlà sí nóòtù lẹ kọ́ wa. Ọlidé mẹ́rin gbáko, a ò fojú kan ọmọ kan níbẹ̀."

Mo rò pé mo ti fẹnu ba tara mi jẹ́. Ó ṣí fáìlì rẹ̀ padà.

"Èmi gan-an ò kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, kódà fún ọjọ́ kan," ó wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé mo yege.

Ní ọlidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ kíláàsì wa ní yunifásítì, mo bá ogójì ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Dókítà kó wá níwájú. Dókítà na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí. Mo gba ṣọ́ọ̀kì náà. N ò mọ orúkọ ẹyọ ọmọ kan níbẹ̀, n ò sì tíì kọ́ ìkankan wọn ní ìdáhùn sílẹ̀.