Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tó Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ikú ni mo máa ń sọ pé mo kọ́. Kì í ṣe ikú èèyàn o. Ikú sẹ́ẹ̀lì ni, àwọn ẹyọ tíntìntín tí kò ṣeé fojú lásán rí, tó kóra jọ tí ara fi di ara. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wo ti ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọkàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kódà bí ẹ̀jẹ̀ bá tún padà dé, àwọn mìíràn á ṣì máa kú lọ, bí ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tó ń wo ọ̀nà èémí ṣiṣẹ́, òdìkejì ni mo sì bá níbẹ̀. Nínú àyà tí èéfín ti bà jẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ ọmọ ogun. Wọ́n sáré wá gbèjà ni, ó sì yẹ kí wọ́n kú, kí wọ́n kúrò nílẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti tán. Wọn ò kú. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ ilé tí wọ́n wá gbà sílẹ̀. Nínú ọkàn, èyí tí kò yẹ kó kú ló ń kú. Nínú àyà, èyí tó yẹ kó kú ló kọ̀ tí kò kú.

Dundee ni mo wà, ìlú kan létí òkun ní Scotland, láti ọdún 1971. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ síbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú ilé yìí, èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Rọ̀kíbátù, ọmọ ìyá mi ni wọ́n, a kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Ìyá wa ti kọ́kọ́ bí wọn fún ọkọ kan ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọkọ yẹn kú ni ìyá wá fẹ́ bàbá mi ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méje jù mí lọ. Ẹja ni wọ́n ń yan létí ọ̀sà, àwọn àti obìnrin bíi mẹ́wàá lábẹ́ àtíbàbà kan, láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti tó igi í kó sí ààrò.

Ní ìparí ọdún 2004, ọmọ wọn, Mọ́ṣúdù, pè mí. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n má sọ fún yín o. Màmá ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn."

Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ mi mọ ohun tí gbólóhùn yẹn gbé dání: àyà tàbí ọkàn ti ń kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ara àwọn le koko bí ọta. Mo wá ọgbọ́n dá. Mo bá àwọn tó ń náwó sí ìwádìí wa sọ̀rọ̀ pé kò sí ibi tí a ti lè rí àyà tí èéfín igi wọ̀ tó ti àwọn ayanja ọ̀sà. Wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mo kó ike àti aró àti gíláàsì sínú àpótí, mo sì lọ sílé ní Fẹ́búárì 2005. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó padà: kí ló wà nínú àyà Rọ̀kíbátù?

Bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe, mo ránṣẹ́ ṣáájú. Lateefat, ọmọbìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòròdú, ló bá mi lọ jíṣẹ́ fún àwọn obìnrin náà pé Dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ náà, èmi àti Lateefat gba Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Wọ́n ti fi omi fọ ilẹ̀ àtíbàbà. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ tó mọ́, ìborùn funfun lórí. Ààrò tutù, wọ́n ti kó eérú rẹ̀ dànù. Mo rí i. Mo rò pé ọjọ́ ìsinmi wọn ni, mi ò bèèrè.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú léjìká, wọ́n yí mi síhìn-ín yí mi sọ́hùn-ún.

"Adéòjó! Ìwọ náà nìyí? Ṣé wọn ò fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n fún mi, mà. Àgbà ló dé."

"Àgbà wo? Ṣé níṣojú mi ni wàá ti máa pe ara ẹ lágbà?"

Ọ̀rẹ́ wọn kan, Kúbúrátù, tẹ́nu rẹ̀ ò dákẹ́ rí, bọ́ síwájú. "Dókítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé kàwé títí tẹ́ ẹ fi sọdá òkun, ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ wá padà wálé wá kó?"

Fàlílátù, ayanja mìíràn nínú wọn, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Fi wọ́n lẹ̀ jàre! Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn òyìnbó ti dì sí wọn lọ́fun. Wọ́n fẹ́ wo èyí tó ń yòrò."

Ẹ̀rín sọ. Lateefat ń pín ike, ó ń tẹnu mọ́ ọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wúkọ́ kó tìsàlẹ̀ àyà wá o. Kì í ṣe itọ́ ẹnu."

Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sí wa, wọ́n fi ìborùn bojú. Nígbà tí wọ́n padà yíjú, wọ́n fi etí ìró nu ike náà yíká kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ohun inú rẹ̀ mọ́ lóló.

Sẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ kú nínú ike. Wákàtí méjì péré la ní. A kó gbogbo ike sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, Lateefat sì wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní Ìkòròdú, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri, mo fi aró pa ti ẹ̀gbọ́n mi fúnra mi, mo tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì fífẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo rí, bí ewé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti máa ń wá. Bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, itọ́ ẹnu lèèyàn ń wò, kì í ṣe ohun tó tinú àyà wá. Òfin wa ni pé ká dà á nù.

Lateefat náà wò ó. "Sà, àfi ká lọ gba òmíràn. Itọ́ pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ti Màmá ló wá burú jù."

"Díẹ̀ tó tinú àyà wá nínú rẹ̀ tó ó kà."

"Sà, ìwé tí ẹ fún mi ní..."

"Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo kà á. Àwọn ọmọ ogun tí mo ń bẹ̀rù kò tó nǹkan. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n wọ bàálù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀. Mo mọ̀. Ojú mi rí ohun tó rí, ọkàn mi ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí Ẹ̀pẹ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà yín mọ́."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, wọ́n pe gbogbo àwọn obìnrin jọ. "Ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò mi wí! Ó fi ẹ̀rọ wò ó o!" Wọ́n sin mí dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé mi ò ní dójú tì ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gbéra.

Ìgbà tó tó oṣù mọ́kànlá, Lateefat tún fẹ́ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò ránṣẹ́, ó kàn yà síbẹ̀ bó ṣe ń ti òde kan bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí.

"Sà, mi ò rí ọ̀nà nínú èéfín. Mo ń gbọ́ ikọ́ Màmá láti títì."

"Ìgbà tá a lọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti paná fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ tó dé, sà. Látọjọ́ tá a ti jíṣẹ́. Wọ́n ní ṣé kí èéfín máa kó sí àlejò lójú ni?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Wọ́n tún sọ òmíràn. Mo bi Màmá nípa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn, wọ́n ní, 'Ṣé èyí tí kò dáa ni kí n fún àlejò? Látìgbà tá a ti kírun àsùbáà la ti ń wúkọ́ èyí tó dúdú dànù. A fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ẹnu. Èyí tó mọ́ la ṣà fún un.' Gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

Ohun tí a ń ṣe fún àlejò nílé wa náà ni. Ẹja tó tóbi jù, ẹní tó tuntun jù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó mọ́ jù. Ọmọ ilé ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n fi mí ṣe, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lateefat ní, "Mọ́ṣúdù fẹ́ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn nígbà òjò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ti wò ó."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, sà."

"O sọ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fóònù tí mo ń gbé e sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní kò mọ́, mo ní lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ti rí i pé itọ́ ẹnu ni, mo sì sọ pé ó mọ́.



"Nítorí kí ni, Adéòjó?"

"Mo fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ kí n tó lọ."

"Hùn. Èmi náà, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kó o lọ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. A wá jọ pa irọ́ náà pọ̀ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà."

"Ìwọ lo ní n má lọ, ìwọ lo ní n lọ. Ó dáa. Mo gbọ́."

Wọ́n lọ. Dókítà ní ọ̀nà èémí wọn ti wú, ó ti há. Àyà náà ti fi iṣẹ́ wọ ọkàn lọ́rùn títí apá kan ọkàn náà fi wú. Ó fún wọn lóògùn, ó ní ká gbé wọn kúrò nídìí èéfín pátápátá. Ọmọ wọn obìnrin, Muslimah, tó ń ṣe tíṣà ní Imota, ló gbà wọ́n sílé. Ilé dáa, afẹ́fẹ́ mọ́, oko ló yí i ká. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Mo sọ fún ara mi pé mo ti tún un ṣe.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n.

"Ara ńkọ́, mà?"

"Ara dá. Ẹnu ló ń rùn mí. Bí Muslimah bá ti jáde ní aago méje, kò sẹ́ni tí mo máa la ẹnu bá sọ̀rọ̀ títí aago mẹ́rin. Àná, adìẹ ni mo bá jà."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

"Adéòjó, ìwọ náà ńkọ́? Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè.

"Mo bi ẹ́ ní ta ni."

Mo purọ́ orúkọ aládùúgbò kan fún wọn.

Lọ́dún 2008, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Mọ́ṣúdù pè mí. Màmá ti kúrò ní Imota. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé ẹnu títì, wọ́n wọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tí wọ́n sọ fún. Abẹ́ àtíbàbà ló ti bá wọn.

"Ṣé kí n gbé wọn padà, Bàbá? Bí mo bá ní ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé wọn, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú ìdílé wa. Mo lè sọ ohun tí èéfín yẹn máa ṣe sí àyà náà, àti ohun tí àyà náà máa ṣe sí ọkàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé òpin.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí?"

"Wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn, Àǹtí Kúbúrátù, jà. Wọ́n ní ó jẹ́ kí ẹja jó."

"Ṣé wọ́n ń pariwo?"

"Ẹ̀ẹ́! Bàbá, gbogbo etí omi ló ń gbọ́. Wọ́n á jà, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó sórí àga ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi, fóònù létí. Mọ́ṣúdù ń retí. Ó pe 'Bàbá' lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣáà máa lo oògùn wọn."

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n lò sí i láyé.