Eyín Méjìdínlọ́gbọ̀n

Lọ́dún 1988, nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn tíṣà yóò fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀: Kúbúrátù, ìyá Waliyat, tíṣà ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ rẹ̀ ní jíà márùn-ún lẹ́yìn, àwọn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju eléyín mọ́kànlélógún lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń sáré bí ẹtu. Tó bá kan òkè, orúnkún rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ó gbé e lọ bá Àlàájì Mashood, àgbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá náà yí pẹ́dààlì wò, ó mirí. "Tíṣà, jíà yìí le jù. Mo ní òmíràn tí eyín rẹ̀ tó méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn á rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn."

"Ṣé kò ní fà mí sẹ́yìn, Àlàájì?"

"Ṣebí ìṣirò lò ń kọ́ni. Lọ wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n lóòótọ́, kí bàbá náà tó pààrọ̀ jíà àti lẹ́yìn rẹ̀: òkè kan náà, aago ọwọ́ kan náà. Jíà àtijọ́ gbé e dókè ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sì lè fọhùn. Tuntun gbé e débẹ̀ ní mẹ́ta àbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wéréwéré, ó sì ń kọrin.

"Ó ku ọ̀kan," ni Àlàájì wí. "Kó o tó kan òkè ni kó o ti fa jíà sórí èyí tó tóbi, kó o sì dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Ṣéènì kì í fẹ́ ipá."

Lọ́jọ́ eré, Oyèlékè, tíṣà eré ìdárayá tó gbapò kìíní lọ́dún tó kọjá, wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Waliyat, àwo oúnjẹ lẹ so mọ́bí?"

"Tẹ́ ẹ bá bá mi, ẹ bù jẹ."

Ọkùnrin méjìlá ló fi í sílẹ̀ títí dé Odò Ọbà. Kó tó kan òkè ibẹ̀, ó dẹ ẹsẹ̀, ó fa jíà. Ṣéènì bọ́ sórí jíà ńlá náà jẹ́ẹ́. Àwọn tó ṣáájú ti dìde dúró lórí pẹ́dààlì, wọ́n ń bá kẹ̀kẹ́ jìjàkadì. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá mẹ́ta, ó kọjá méje. Nítòsí orí òkè, ó ku Oyèlékè nìkan níwájú. Ìyẹn fa jíà lójijì níbi tó ti ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dààlì. Ṣéènì ké ràù, ó yọ. Kúbúrátù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó wá ku ìsọ̀kalẹ̀. Ó fa jíà padà sí èyí tó kéré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìbòrí rẹ̀ lẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a mọ́.

Bó ṣe wọ Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn obìnrin tú síta láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Obìnrin ni! Obìnrin ló ṣáájú!" Ó kọjá ìlà òpin ní pápá ìṣeré, kò dúró. Ó tún yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan sí i, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń pariwo "Alihamudulilahi!" títí ohùn rẹ̀ fi há.