Ìró Kejì

Corbin ṣì ń ké lórí koríko pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbà tí rẹ́fẹrí, Dwight Hruska, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìnujú yẹ́lò tó ti jù sílẹ̀ láti fi hàn pé ìjìyà wà, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe yẹn?” Lonnie, rẹ́fẹrí kejì, sáré dé. “Wọ́n já lu ẹsẹ̀ ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù. Ìjìyà ni!”

“Ẹni tó já lù ú ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.”

“O rí i?”

“Mo gbọ́ ọ. Ìró méjì. Ẹsẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́, ìka tó kàn án lẹ́yìn rẹ̀. O ò rí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fì sọ́tùn-ún fì sósì lókè ni?”

“Dwight, ìròyìn ò tó àfojúbà o.”

“Etí mi kì í parọ́ fún mi.”

Òótọ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún katakata ṣe láàárín oko àgbàdo Nebraska, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, á dẹ etí sí i, á ní, “Fáàfù kẹta ni.” Ẹ tú u, fáàfù kẹta ni. Bó ṣe kọ́ ìwé òfin bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, náà nìyẹn, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, tòun ti gíríìsì lọ́wọ́.

Òfin náà ò sì lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá já lu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjìyà rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì padà sọ́wọ́ àwọn tó gbá a. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan bọ́ọ̀lù, tí kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, kò sí ìjìyà. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló kù. Àmì méjì ni ẹgbẹ́ Corbin, àwọn aláṣọ pupa, fi ń ṣíwájú. Bí ìjìyà bá dúró, wọ́n á di bọ́ọ̀lù mú títí àkókò á fi tán. Bí kò bá dúró, àwọn aláṣọ funfun ló ni ín, nítòsí òpó méjì tí wọ́n lè gbá a gba àárín wọn fún àmì mẹ́ta.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn aláṣọ pupa ti dé iwájú rẹ̀. “Hruska! Ẹsẹ̀ ọmọ kán, o ní kò sí nǹkan kan?”

“Kóòṣì, òfin ò béèrè ẹsẹ̀ tó kán. Bọ́ọ̀lù ló béèrè.”

“Rẹ́fẹrí, lọ ra awò ojú!” ni wọ́n ń pariwo láti orí ìjókòó. “Padà sídìí katakata, jàre!” Ìyá Corbin ń tẹ̀ lé àwọn tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ aláìsàn, ó di bàtà ọmọ náà kan mú.

Hruska fọn fèrè. Bí eré tó kàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè yí ìdájọ́ ìṣáájú padà mọ́. Ìyẹn náà wà nínú ìwé. Nígbà tí àkókò fẹ́ tán, àwọn aláṣọ funfun gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó. Àmì mẹ́ta. Ó parí.

Bó ṣe ń jáde lọ, ọmọ tó já lu Corbin, Pruitt, aláṣọ funfun, sáré bá a.

“Ẹ ṣeun, sà. Mi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣàánú mi.”

“Àánú wo? O fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.”

“Rárá o, sà. Ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀ rárá.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Èmi náà gbọ́ ọ, sà.” Pruitt fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀. “Abẹ́ ibí yìí ló ti dún. Ẹsẹ̀ Corbin tó kán ni.”

Ní ìta pápá, Lonnie ń tan ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́, ó dákẹ́.

“Dwight! Gbọ́ ọ wò. Kí ló ń ṣe é?”

Hruska dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò, lórí ìnujú náà. Kò dẹ etí sí i.

“Mi ò mọ̀,” ló wí.